Òkè Ìlú Òyìnbó Lára Ògiri Ìsẹ́yìn

Ní pálọ̀ bàbá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn, àwòrán òkè tí yìnyín bò wà nínú férémù onígíláàsì. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni, wọ́n rà á lọ́jà. Oòrùn ti pa á débi pé ewé igi inú rẹ̀ ti di búlúù.

Ẹ̀dà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ o. Ben Enwonwu ya Tutu, ọmọ ọba Ifẹ̀, ní 1973, ẹ̀dà rẹ̀ sì wọ pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ojúlówó kan tó yà ní 1974 lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní gbàǹjo Lọ́ńdọ̀nù ní 2018.

Ojú èèyàn nìyẹn. Ilẹ̀ wa ńkọ́? A kò ṣàì ní ayàwòrán: láti 1920 ni Aina Onabolu ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wá bi bàbá pé kí ló dé tí wọn ò ra àwòrán òkè Adó-Àwáyè, tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òkè tí mo ti fẹsẹ̀ ara mi gùn, kí n tún fowó rà á?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí èmi sí. Òkè inú férémù yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀.