Oúnjẹ Ẹ̀bá Ọ̀nà, Ẹ̀sìn Íńdíà àti Ẹ̀kọ́ fún Mile 12

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, oko ẹlòmíràn kò jìnnà. Láti Kétu dé Ìkòsì àti Mile 12, ẹni tó ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá Yorùbá lówùúrọ̀ lè ra súyà lọ́wọ́ Hausa lálẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Mile 12. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Àwọn tó ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ọdún pípẹ́ di ọ̀tá lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan ti rìn jìnnà ju Mile 12 lọ kí wọ́n tó rí bí oúnjẹ àti ẹ̀sìn ṣe ń so ènìyàn pọ̀, tí wọ́n sì tún ń yà wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lọ sí Íńdíà, kí wọ́n lè kojú àwọn ará Japan ní Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Ẹ̀ka ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Íńdíà ní ọdún 1943. Ẹ̀ka 82 tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ tí wọ́n dé yìí, ẹ̀sìn kì í dúró sínú tẹ́ḿpìlì nìkan, ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ pẹ̀lú. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́sìn Hindu, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì fẹnu kan ẹran rárá. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti jìyà àìka èèwọ̀ sí rí. Ní ọdún 1857, ìròyìn tàn ká pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ọta ìbọn tuntun tí àwọn sójà Íńdíà ní láti fi eyín já. Òun nìkan kọ́ ló fa ọ̀tẹ̀ ọdún náà, ṣùgbọ́n òun ló ṣáná sí i.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, omi pàápàá ní ẹ̀sìn: ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń bu omi fún Hindu, ọ̀tọ̀ ni ti Mùsùlùmí. Nígbà tí Íńdíà àti Pakistan pínyà ní ọdún 1947, ẹ̀mí tó ṣòfò kò ṣe é kà. Omi kọ́ ló dá ìpínyà sílẹ̀, àmọ́ àwọn tí kò lè mu omi láti ọwọ́ kan náà ti ń di àjèjì sí ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Íńdíà yìí kan náà ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní tẹ́ḿpìlì Hindu, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní prasad, ni wọ́n ń pín fún àwọn tó wá jọ́sìn. Ní ilé ìjọsìn àwọn Sikh, ilé ìdáná tó ń jẹ́ langar ń bọ́ onílé àti àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Olówó àti tálákà ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìlà kan náà, láìka ẹ̀sìn wọn sí. Àwọn ará gúúsù Íńdíà ní vada: wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dín in. Wọ́n ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì tún ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn òrìṣà wọn, Hanuman. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò rántí àkàrà, oúnjẹ òwúrọ̀ tó tún jẹ́ oúnjẹ Ọya títí dé ilẹ̀ Brazil.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, mọ ohun tí oúnjẹ àjèjì lè ṣe. Ó wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ létí odò Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pa mọ́ sínú igbó. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí tó ń gbé ibẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn, Shuyiman, gbà wọ́n sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni bí àwọn ará Japan bá mọ̀. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ní ọdún 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo lọ bá ìdílé Shuyiman. Ọdún kejì ni Fadoyebo kú.

Mile 12 ni ẹnu ọ̀nà tí tòmátò, ata àti àlùbọ́sà ilẹ̀ Hausa ń gbà wọ Èkó. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ìkòkò Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, àpò Hausa ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kanra. Ẹ̀bá ọ̀nà Kétu àti Ìkòsì náà tó ìyá alákàrà àti mállàm onísúyà. Ó yẹ kí àwọn ọba, ìmáàmù, pásítọ̀ àti olórí ọjà Kòsọ́fẹ́ máa jókòó pọ̀ nígbà tí ara bá rọ̀, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ilé bá ń jó ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè orúkọ ara wọn.