Ẹja Sáńdà Nínú Odò Àfọwọ́gbẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀ràn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ṣeé yanjú àfi kí a wo ẹ̀yìn bí àgbà. Ọ̀ràn ẹja ni. Sáńdà ni orúkọ ẹja náà, inú àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ni ó sì ń gbé. Láti 1981 ni òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u sínú omi láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, àwọn apẹja wà tí inú wọn kì í dùn sí ẹja mìíràn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀tá, àwọn kan ń pè é ní ọ̀ṣọ́ odò. Ta ni ó mú un wá? Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹni tí yóò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtàn omi náà fúnra rẹ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ìyà ńlá ni kíkó ẹrù wúwo lórí ilẹ̀ jẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹrẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù mì, ẹṣin ń rẹ̀, owó èédú sì ń ga sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dá iná. Ní 1761, wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ Bridgewater láti máa kó èédú láti Worsley lọ sí ìhà Manchester. Ọ̀gbẹ́ni James Brindley sì wà lára àwọn tí ó fi ọgbọ́n orí ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn oníṣòwò rí èrè rẹ̀, gbígbẹ́ odò di àṣà. Odò àfọwọ́gbẹ́ Oxford dé ìlú Oxford ní 1790, ọkọ̀ sì lè ti agbègbè Coventry máa lọ títí yóò fi dé odò Thames. Ẹrù ni àwọn tí ó gbẹ́ wọn ń rò. Kò sí ẹni tí ó ro ti ẹja. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, ẹja náà lè gbà á. Omi tí Ẹlẹ́dàá yà sọ́tọ̀ fún ara wọn, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ti so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin gba òwò mọ́ àwọn odò yìí lọ́wọ́. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 1948, ìgbafẹ́ sì wá borí òwò lórí wọn. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń tì lọ kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sinmi. Nítorí náà ni omi púpọ̀ nínú àwọn odò wọ̀nyí fi máa ń rú bí omi àgbàrá. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tí ń bọ̀.

Àárín àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù ni sáńdà ti ṣẹ̀ wá. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Eyín rẹ̀ mú, ẹja kéékèèké sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ọmọ àdàlù ẹja méjì mìíràn, pike àti perch, ni. Irọ́ ni, ẹbí perch ni ó ti wá tààrà. Ohun tí ó ya ojú rẹ̀ sọ́tọ̀ ni awọ kan tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ojú ológbò lóru. Pike a máa fẹ́ omi tí ó mọ́ gaara kí ó tó lè rí ẹran rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní omi rírú àti ní ìrọ̀lẹ́, sáńdà a máa ríran níbi tí ẹran rẹ̀ kò ti ríran. Ní ilẹ̀ Jámánì àti ní etí adágún Balaton ní Hungary, àwọn ènìyàn a máa fi owó gidi ra ẹran rẹ̀ jẹ.

Báwo ni ó ṣe wá kọjá òkun? Ní 1878, ìjòyè ńlá kan, Duke ti Bedford, mú díẹ̀ wá láti ilẹ̀ Jámánì sínú àwọn adágún rẹ̀ ní Woburn. Ní ìgbà náà, kíkó ẹranko àjèjì jọ jẹ́ ohun iyì láàárín àwọn ọlọ́lá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú adágún díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹja náà wà. Ṣùgbọ́n ní 1963, àjọ tí ń bójú tó odò Great Ouse mú sáńdà kéékèèké mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n sì tú wọn sínú odò gígùn kan tí a gbẹ́ láàárín Denver àti King's Lynn láti dín àkúnya omi kù. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká àwọn odò ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ọwọ́ àwọn tí kò gba àṣẹ gbé e dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ó sì wọ inú odò àfọwọ́gbẹ́. Omi rírú tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti pèsè ń dúró dè é.

Láìpẹ́, igbe ta. Àwọn tí ń fi ìwọ̀ pa ẹja kéékèèké ní sáńdà ti ń jẹ wọ́n tán. Lẹ́yìn òfin 1981, àwọn aláṣẹ odò, àti àjọ Canal & River Trust tí ó gba iṣẹ́ náà ní 2012, a máa rán iná mànàmáná díẹ̀ sínú omi. Ẹja a dákú fún ìgbà díẹ̀. Wọn a ṣa sáńdà kúrò, wọn a sì dá àwọn yòókù padà.

Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ti ń kó o kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja tuntun ń wá a kiri. Àwọn wọ̀nyí kì í lo ekòló. Ẹja rọ́bà kékeré ni wọ́n ń fi bo ìwọ̀ tí òjé wà ní orí rẹ̀. Apẹja a jù ú sí abẹ́ afárá tàbí ẹ̀bá ilẹ̀kùn omi, níbi tí òjìji wà. A jẹ́ kí ó balẹ̀, a gbé e sókè díẹ̀, a tún jẹ́ kí ó rọra sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ gan-an ni sáńdà sábà máa ń gbé e, nítorí ìsàlẹ̀ omi ni ó ń ba sí. Ohun ìyàlẹ́nu ni pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí omi sì rú jù, lè jẹ́ ìgbà tí ó dára jù fún un.

Níbí ni àríyànjiyàn wà. Àwọn aláṣẹ ní òfin ni àwọn ń tẹ̀ lé, pé odò tóóró kò ní ibi ìsápamọ́ tó fún ẹja ìbílẹ̀. Àwọn apẹja ní bí a ti ń kó sáńdà kúrò láti ọdún pípẹ́ wá, kò tíì tán; ó ti bí ọmọ, ó ti bí ọmọ-ọmọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ní ìdí. Òótọ́ ni pé sáńdà ń jẹ ẹja kéékèèké; òótọ́ sì ni pé ìdọ̀tí omi, ojú ọjọ́ tí kò dára ní àkókò ìyéyin, àti àwọn ẹyẹ apẹja pẹ̀lú lè mú kí ẹja dín kù. Òpìtàn tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀dá kan ṣoṣo kò tíì ṣe ìwádìí tán.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì tí ó wà nínú ìtàn yìí fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ohun tí ó fa ọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ̀bi ọ̀ràn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ odò, ọwọ́ ènìyàn ni ó rú omi, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé ẹja wá. Ẹja kan ò lè gun ọkọ̀ kọjá òkun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó tú u sílẹ̀ ní 1963 kì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́. Àǹfààní ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe fún àwọn apẹja. Yorùbá ní ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, ẹni tí ó kọ́kọ́ da omi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń rìn nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ tú ohun tuntun sínú odò, sínú oko tàbí sínú ìlú, kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: ẹsẹ̀ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́la?