Títí Aago Mẹ́jọ

Ìbàdàn, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 2020.

Aago 5:40 ìdájí. Iná kò sí. Ìyàwó gbé fóònù tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn lé orí àpótí, ó ń ka owó sórí ẹní. Ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan náírà ni, méjìdínlógójì, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan tí etí rẹ̀ ti ya. Ó kà á tán, ó tún un kà. ₦38,500. Ó fi rọ́bà dè é, ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, ó ta á ní kókó méjì. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Aago 6:05. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń ṣàìsàn ní Ọ̀yọ́, ó sì di dandan kó lọ. Àwọn ìbejì ti wọ bàtà. Ó na náílọ́ọ̀nù náà sí ọkọ rẹ̀, àmọ́ ìka rẹ̀ kò tètè tú.

"Bàbá Ìbejì, aago mẹ́jọ alẹ́ ni Ìyá Alájọ máa dé. Ẹ ò lè bá wọn nílé ṣáájú ìgbà yẹn."

"Mo gbọ́."

"Aago mẹ́jọ."

"Mo ní mo gbọ́."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Aago 7:30. Ọkùnrin náà dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀. Fọkanáísà ni. Òkìtì táyà kan, ọpọ́n omi tó ti dúdú, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ìpẹtà ti ń jẹ lẹ́sẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti gbálẹ̀. Náílọ́ọ̀nù wà nínú àpò ṣòkòtò lọ́wọ́ ọ̀tún. Fóònù wà lápò òsì, oníbọ́tìnnì, irú èyí tí kò lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù ńlá tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Aago 9:10. Ó ki túùbù ọ̀kadà kan bọ inú omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní ojú kan, wẹ́wẹ́. Ó fi báírò sàmì síbẹ̀. Ó họ ọ́, ó fi sọlúṣọ̀n sí i, ó fẹ́ ẹ kó lè gbẹ. Ní òdìkejì títì, wọ́n ń ká ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ sókè. Ariwo rẹ̀ bo ti Máíkírà tó ń kọjá. Kò gbójú sókè.

Aago 10:45. Ọmọkùnrin mẹ́ta jókòó sórí àwọn táyà, wọ́n ń ka bọ́ọ̀lù òní síra wọn láti ojú fóònù. Ní aago méjìlá, Leicester àti West Ham, Southampton àti West Brom. Ní aago méjì, Arsenal àti Sheffield United, Wolves àti Fulham. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, Manchester United àti Tottenham. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Aston Villa àti Liverpool. Gbogbo wọn ló gbà pé Leicester dájú. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Leicester lọ na Manchester City ní góòlù márùn-ún sí méjì nílé City. Ta ni West Ham?

"Leicester á gé yín," ni fọkanáísà wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

Aago 11:20. Ó ya etí páálí kan. Ó gba báírò lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó fi orí ẹ̀rọ ṣe tábìlì. Ìlà márùn-ún ló kọ. Southampton jẹ. Arsenal jẹ. Wolves jẹ. Tottenham jẹ tàbí kó jẹ́ ọ̀mì. Villa àti Liverpool, góòlù mẹ́ta ó kéré tán. Kò ronú lórí èyíkéyìí ju bí èèyàn ṣe ń mí lọ. Ó ká páálí náà sí méjì, ó fi sí àpò àyà.

Aago 11:46. Ó sọdá títì.

Ọmọṣẹ́ rí i. Ó rí i tó dúró níwájú ilẹ̀kùn gíláàsì, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹnì kan ń jáde. Onítọ̀hún di ilẹ̀kùn mú fún un, ó kí i bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n rí. "Ọ̀gá mi! Ẹ mà sọnù o." Atẹ́gùn tútù láti inú ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ jáde sí i lára. Èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú káńtà.

Ọlọ́kadà kan dúró ní ìdí iṣẹ́, ó ń tẹ fèrè. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọwọ́ kalẹ̀ pátápátá.

Aago 11:52. Ó padà sọdá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì táyà náà. Sípánà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Aago 12:14 ọ̀sán. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tan jẹnẹrétọ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kọjú síta. West Ham ju kan wọlé. Pápá náà ṣófo, nítorí kòrónà kò jẹ́ kí òǹwòran wọlé ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ariwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Lára àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn, ẹnì kan dìde dúró. Ní aago 12:34, ìkejì wọlé. Ó jókòó padà.

Nǹkan bí aago 1:50. Leicester 0, West Ham 3. Southampton 2, West Brom 0. Ọmọṣẹ́ ti rí páálí náà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ó sì wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ń nu ọwọ́ pẹ̀lú àkísà tó ti dọ̀tí ju ọwọ́ náà lọ. Ìlà kan ti wọlé. Ìlà mẹ́rin tó kù kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Aago 1:56. Ó ní òun ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tó rí i ní ìdí ẹ̀rọ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọmọṣẹ́ fún táyà Máíkírà méjì ní afẹ́fẹ́, ó gba owó, ó fi pamọ́. Nígbà tó fi máa gbójú sókè lẹ́yìn ìkejì, ọ̀gá rẹ̀ ti ń bọ̀, láti apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wà. Lápá ibẹ̀ náà ni búkà àti ilé ìtura wà, nítorí náà kò fi nǹkan kan pe nǹkan kan. Àmọ́ ó rí i pé àpò ṣòkòtò ọ̀tún kò wú mọ́.

Aago 3:12. Neto ju kan wọlé fún Wolves. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, Saka fi orí kan ọ̀kan wọlé fún Arsenal. Pépé tún fi ọ̀kan lé e kí àwọn èèyàn tó jókòó tán. Fọkanáísà wà lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀, kò wọlé, kò sì lọ. Ó fi èjìká ti òpó. Ó ń fi ìka àtàǹpàkò họ epo tó gbẹ sí èékánná rẹ̀, ó ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Aago 3:40. Sheffield United dá ọ̀kan padà. Góòlù kan péré ló kù láàárín wọn. Ó kúrò ní ìdí òpó, ó rìn dé etí gọ́tà, ó padà.

Aago 3:53. Arsenal 2, Sheffield United 1. Wolves 1, Fulham 0. Ìlà mẹ́ta.

Aago 4:05. Ọmọṣẹ́ rí i lókèèrè, níwájú Ìyá Alámàlà. Ó jọ pé wọ́n ń jiyàn. Ọ̀gá ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé. Ìyá ń ro ìkòkò, kò wò ó. Lẹ́yìn náà ọ̀gá tẹ̀ wálẹ̀, ó dé ilẹ̀ pátápátá, ọmọṣẹ́ sì rò pé nǹkan kan ló jábọ́ tó ń wá a. Ìgbà tó dìde, eruku wà ní àyà rẹ̀. Ó padà wá, ó jókòó sórí táyà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọṣẹ́ bi í bóyá gbèsè oúnjẹ ni. Kò dáhùn.

Aago 4:32. Fernandes fi pẹnárítì kan wọlé fún United. Ẹni tó bá ta Tottenham ti bẹ̀rẹ̀ sí í mikàn. Ní 4:34, Ndombele dá a padà. Ní 4:37, Son. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ gbóná bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, wọ́n ti lé Martial jáde. Kane wọlé, Son tún wọlé. Ìsinmi: mẹ́rin sí ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀ tí apá kejì ṣẹ́kù dìde, ó kúrò níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nǹkan bí aago 6:20. Manchester United 1, Tottenham 6. Ìlà mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, ló kù lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti pàṣẹ lónìí pé àwọn SARS kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà mọ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní irọ́ ni. Fọkanáísà kò dá sí i. Nígbà mìíràn ọwọ́ rẹ̀ a lọ sí àpò ọ̀tún, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, a padà.

Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tún ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀ kọ, wọ́n sì kó tẹ́tẹ́ sí abala kan náà pẹ̀lú ọtí àti oògùn olóró. Àwọn kan wí nígbà náà pé àsọdùn ni: nǹkan tí èèyàn kò mu, tí kò fà símú. Wọn kò rí ọwọ́ ọkùnrin yìí ní aago mẹ́rin ọ̀sán.

Aago 7:15 alẹ́. Villa àti Liverpool. Ní 7:19, Adrián tó ń ṣọ́ ilé Liverpool gbá bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ọ̀tá, Watkins sì fi wọlé. Ní 7:37, Watkins lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnikẹ́ni kò jókòó mọ́. Ìlà karùn-ún ń fẹ́ góòlù kan péré.

Aago 7:48. Salah. Méjì sí ọ̀kan. Góòlù mẹ́ta pé.

Ọmọṣẹ́ fò sókè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo. "Ọ̀gá! Gbogbo ẹ̀ ló wọlé! Ẹ kú oríire, sà! Èló lẹ ta á?"

Ọ̀gá rẹ̀ ń wo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.

Ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí máa ń rò pé pípàdánù ló ń ba èèyàn jẹ́. Ní 2017, tíkẹ́ẹ̀tì ₦500 kan wọlé fún ọkùnrin yìí, owó rẹ̀ ló sì fi ra ẹ̀rọ búlúù tó fi ń jẹun dòní. Gbogbo àdúgbò ló bá a yọ̀. Kò tún sí ọjọ́ Sátidé tí kò wà níwájú káńtà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ láràárọ̀ bí ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe.

"Palẹ̀ mọ́," ló sọ fún ọmọ náà.

Aago 8:00. Ó wà níwájú Ìyá Alámàlà. Ìyá kọ́kọ́ wo fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí abẹ́ àpótí tó jókòó lé, ó yọ ike ẹ̀lùbọ́ kan jáde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára náílọ́ọ̀nù dúdú. Kókó méjèèjì ṣì wà bí ìyàwó ṣe ta wọ́n.

Ibẹ̀ ló ti wà láti aago méjì ọ̀sán. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ nígbà náà lóòótọ́, ó dé ìlà, ó ku ẹni méjì kó kàn án. Ó jáde. Ó ní òun kò mọ ohun tó mú òun jáde. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Alámàlà kọjá, ó sì gbé owó náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi pa á mọ́, mà. Ẹ má fún mi kó tó di aago mẹ́jọ. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún yín pàápàá, ẹ má fún mi." Ní 4:05 ó padà wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yí padà, àwọn tó fẹ́ gba owó náà ti dé. Ìyá bi í pé aago mélòó ló lù. Ó ní aago mẹ́rin. Ìyá ní, "Ó dáa," ó sì ń ro àmàlà rẹ̀ lọ.

Lálẹ́ yìí, ó kàn wò ó. "Ṣé o ti jẹun?"

"Màá jẹun tí mo bá dé, mà."

Aago 8:35. Ilé Ìyá Alájọ ní Ṣáṣá. Báàgì ìrìn-àjò ṣì wà ní àárín pálọ̀. Ìyá mú ìwé ẹ̀sásáìsì kan wá, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2018, ọkùnrin yìí ni ó rán láti gba àjọ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá, ₦20,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó náà kò sùn nílé rẹ̀ ju òru méjì lọ. Ẹni tí àjọ kàn ní oṣù yẹn fẹ́ fi san owó ilé. Ìyá fi owó ara rẹ̀ dí i, kò pe ọlọ́pàá, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Láti ìgbà náà, ìyàwó ló ń mú owó wá, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, nígbà mìíràn ẹgbẹ̀rún kan. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ máa gbé owó dé ibẹ̀.

Ìyá tú kókó méjèèjì. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó ya náà sí iná, ó wò ó.

"Ó pé."

Ó fi báírò pupa fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó dìde, ó bèèrè bóyá òun lè padà sínú àjọ ní oṣù tó ń bọ̀.

"Kí ìyàwó ẹ máa mú un wá," ni Ìyá wí.

"Ó dáa, mà."

Aago 8:52. Ó pe Ọ̀yọ́. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ti san án."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ariwo àwọn ìbejì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ gbé fóònù fún Ìyá Alájọ, kí n gbọ́."

Ó gbé e fún wọn.