Ǹjẹ́ Adìẹ Ń Làágùn?

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé: "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Ní Òmù-Àrán níbi tí mo ń gbé, bóyá ni ọmọ kan wà tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ohun tí wọ́n ń fi sọ ni pé ẹnìkan lè máa jìyà kí ó má hàn sí aráyé. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe mọ ohun tí ń mú ara ẹranko gbóná tàbí tutù, kí n sì fi dáhùn ìbéèrè kan: ṣé lóòótọ́ ni adìẹ ń làágùn?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta. Ní Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ère òkúta ìlú náà. Òkúta kò ní iná nínú. Bí oòrùn bá pa á, á gbóná. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tutù. Alángbá fara jọ òkúta, nítorí ooru tí ara rẹ̀ ń ṣe kò tó o lò. Ní àárọ̀ ọyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò sì ní lè sáré dáadáa. Bí ó bá yá oòrùn lára ògiri tán, orí akọ á pọ́n yòò, ara rẹ̀ á dà bí aṣọ aláró. Ṣùgbọ́n alángbá fi ẹsẹ̀ ju òkúta lọ: bí oòrùn bá mú jù, á sá sí ibòji. Bẹ́ẹ̀ ni ejò náà ń ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀jẹ̀ alángbá lè gbóná tó tiwa.

Ti adìẹ, ajá, ewúrẹ́ àti ènìyàn yàtọ̀. Oúnjẹ ni igi ìdáná wa. Ara ń jó o tọ̀sán-tòru láti fi mú ooru jáde. Ìdí nìyí tí ejò fi lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun, tí adìẹ kò sì lè dán an wò.

Ìṣòro ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni bí yóò ṣe lé ooru tó bá pọ̀ jù jáde. Ní ọdún 1774, dókítà kan ní ìlú London, Charles Blagden, wọ yàrá kan tí wọ́n mú gbóná ju omi híhó lọ. Ẹyin tí wọ́n gbé síbẹ̀ le, ẹran màlúù jinná, ṣùgbọ́n Blagden jáde láìfarapa. Òógùn ló gbà á: bí omi bá ń gbẹ lára, a máa gbé ooru lọ. Wọ́n gbé ajá kan wọlé pẹ̀lú, nínú apẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ má baà jó o lẹ́sẹ̀. Ajá yọ ahọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun náà sì yè. Ní 1868, Carl Wunderlich ní ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ooru ara ẹni tí ara rẹ̀ le. Nílẹ̀ tiwa, ní àwọn ọdún 1950, W. S. S. Ladell ṣe ìwádìí ní Òṣòdì lórí bí ara ènìyàn ṣe ń fara da ooru.

Adìẹ ńkọ́? Ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ, ó tó nǹkan bí 41, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ẹnu ló ń yà tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, a sì gbé apá kúrò lára. Nítorí náà, adìẹ kì í làágùn, ṣùgbọ́n òótọ́ òwe náà kò yẹ̀: ìyà ń jẹ ẹ́, a kò sì mọ̀. Mímí náà lè pọ̀ débi pé èèpo ẹyin rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bí ooru bá tún le sí i, á kú.

Láyé ìyá àgbà mi, adìẹ ń rìn káàkiri àgbàlá. Bí oòrùn bá mú, ó mọ ọ̀nà abẹ́ igi máńgòrò. Lóde òní, ọ̀pọ̀ òbí ń sin adìẹ àgríìkì nínú kéèjì lábẹ́ páànù, owó ilé-ìwé ọmọ sì ń bẹ lára adìẹ náà. Nígbà tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, kò rí ibòji sá sí. Àwa tí a tì í mọ́lé ló yẹ kí a wá ibòji fún un: kí òrùlé ga, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà, kí a má kó wọn pọ̀ jù, kí omi tútù wà lọ́sàn-án, kí oúnjẹ sì jẹ́ ti àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú a máa fi kún ooru ara.

Ẹni tó bá ń sin adìẹ, kí ó má wulẹ̀ wá òógùn lábẹ́ ìyẹ́. Kí ó máa wo ẹnu rẹ̀ lọ́sàn-án; ibẹ̀ ni yóò ti rí i.