Gustav Heinemann, Agbẹjọ́rò Ìlú Essen
Ní ọdún 1899 ni a bí Gustav Heinemann ní ilẹ̀ Jámánì. Agbẹjọ́rò ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler ń fẹ́ sọ ìjọ Ọlọ́run di ẹrú ìjọba, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Essen ni a ti ń tẹ ìwé àwọn onígbàgbọ́ tí ó kọ̀, ní ìkọ̀kọ̀. Síbẹ̀, ní 1945, ó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi tí àwọn àgbà ìjọ ṣe ní Stuttgart. Èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù.

Ó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní 1949. Ní 1950 Adenauer, olórí ìjọba, pinnu láti tún ní ọmọ ogun, kò bi àwọn mínísítà rẹ̀ léèrè. Heinemann sì fi ipò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò rí ìjókòó kan ṣoṣo ní ìdìbò 1953. Ní 1969 ni a yàn án ní Ààrẹ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì.