Nígbà tí Oògùn Kòkó Bọ́ Sódò

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lè má mọ Gamalín. Ẹ bi bàbá àgbà yín ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó dá oko kòkó rí. Gammalin 20 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, lindane sì ni kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fín in sóko kòkó ilẹ̀ Yorùbá, láti pa kòkòrò tó ń fa omi ara èso kòkó. Ó ṣiṣẹ́ o! Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lọ sílé ìwé, Gamalín sì wà lára ohun tó dáàbò bo kòkó náà.

Àmọ́ àwọn kan rí i pé ohun tó ń pa kòkòrò lè pa ẹja, ni wọ́n bá ń dà á sódò.

Kì í ṣe pé fífi májèlé pẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láyé àtijọ́, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú kí omi fà, àwọn èèyàn máa ń gún ewé tàbí èèpo igi kan, kódà èèpo èso igi tí à ń fi ṣe irú, wọ́n á dà á sínú ibú. Ẹja á rọ, á léfòó, wọ́n á kó o lọ sè. Ọ̀pọ̀ májèlé ewé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú omi; oòrùn á bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Gamalín ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń wọ inú ọ̀rá ẹja. Ọmọ ẹja, akàn, gbogbo wọn ló ń kú pọ̀, ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò ò sì ní mọ̀. Ẹ má tan ara yín pé iná ọbẹ̀ á lé e lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ lè máa bì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí gìrì sì gbé e. Ní 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi lindane kún kẹ́míkà tó yẹ kí ayé pa tì. Ní 2015, àjọ IARC sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ìjọba máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan, àìsàn kan yọjú ní 1956. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ti ń ta gìrì kiri kí wọ́n tó kú. Iléeṣẹ́ Chisso ló ń da mákúrì sínú òkun. Ní 1957, ìjọba ìbílẹ̀ Kumamoto fẹ́ fi òfin dá ẹja ibẹ̀ dúró, àmọ́ Tokyo dáhùn pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé gbogbo ẹja ibẹ̀ ló ní májèlé. Gbogbo ẹja kẹ̀! Àfi ìgbà tó di 1968 kí iléeṣẹ́ náà tó ṣíwọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ní àríwá Èkìtì, dáàmù wà ní Ìtapájì, òmíràn wà ní Ìkún. Omi tí à ń mu àti ẹja tí à ń jẹ lè ti ibì kan náà wá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí oríṣiríṣi ẹja tó kú léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, tọmọ tìyá, ẹ má kó o, ẹ má sì gba ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ẹja yíyan ló le jù, torí tí wọ́n bá ti yan án tán, ojú ò lè mọ ohun tó pa á mọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá wa ò ní fẹ́ gbọ́: epo pupa. Tí ẹnì kan bá jẹ májèlé nílé wa, epo la kọ́kọ́ ń sáré wá. Ti lindane yàtọ̀, torí inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Epo tàbí mílíìkì lè jẹ́ kó tètè wọ ara. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, kẹ́ ẹ sì mú ìyókù ẹja náà dání, kí dókítà lè rí i.