Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Pé Kò Sí Aṣẹ́gun?

Ní Nàìjíríà tiwa, ọ̀rọ̀ ogun kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀: "Kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun." Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ni ín, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni yóò dárúkọ. Lóòótọ́, òun ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín wa ní January 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967 parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà kó tó dé Èkó.

Ní 1958, àwọn Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ilẹ̀ Lẹ́bánónì kọjú ìjà síra wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi parí ìjà. Saeb Salam, olóṣèlú ìlú Beirut, ni wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Wọ́n sì gbé ìjọba onímínísítà 4 kalẹ̀: Onígbàgbọ́ 2, Mùsùlùmí 2. Ọ̀rọ̀ náà bá wọn mu, torí kò kúkú sẹ́ni tó borí.

Tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 15 January 1970, Philip Effiong wá sí Dodan Barracks l'Ékòó, ó túúbá lórúkọ Bìáfúrà níwájú Gowon. Aṣẹ́gun wà, ẹni tí a ṣẹ́gun wà, gbogbo ayé ló rí i. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ́ ni ọ̀rọ̀ Gowon. Bí a bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ́, sísan là ń san án.

Wọ́n san díẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò dájọ́ ikú fún àwọn aṣáájú Bìáfúrà. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò bá ilé wọn, pẹ̀lú owó ilé tí wọ́n ti bá wọn gbà pamọ́. Ṣùgbọ́n ní Port Harcourt, ilé wọn ti di "ilé tí a pa tì". Ní bánkì ńkọ́? Bó ti wù kí owó Bìáfúrà tí èèyàn kó wá pọ̀ tó, £20 ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Ẹ gbà mí o! Oníṣòwò tó kó £1,000 wá, tó níyàwó, tó bímọ, £20 náà ni yóò gbé relé.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn létí àwọn kan, tó sì ń ta àwọn mìíràn lára títí dòní. Lẹ́bánónì alára, nígbà tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìjọba kò tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn mọ́, padà sínú ogun ní 1975. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí a bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé kò sí aṣẹ́gun, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè: kí lẹ ti dá padà fẹ́ni tí ẹ ṣẹ́gun?